Abo Àgbọ̀nrín Inú Géèmù

Ẹ̀jẹ̀ wà lórí snow nínú tẹlifíṣọ̀n, bàbá àgbà sì ti dìde dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì basement wa lábẹ́ ilé bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

"Tọ̀ ọ́ lọ," ni wọ́n wí.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ní kí n tọ̀ lọ. Mo ti yìnbọn lu àgbọ̀nrín kan, ó fò sókè, ó sá wọ àárín igi, èmi sì ti yíjú láti wá òmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹran pọ̀ nínú géèmù yẹn ju ewé lọ, n kò rí ìdí tí èèyàn á fi máa lé ẹyọ kan kiri.

"Grandpa, there's plenty more. It's fine."

"Kò sí ohun tó fine níbẹ̀. Ẹran tí o bá ti dá egbò sí lára, tìẹ ni. O ò lè fi í sílẹ̀ kó máa dá kú lọ nínú igbó. Wo ẹ̀jẹ̀ yẹn dáadáa. Ṣé ó ń ṣàn ni àbí ó ń kán? Ó ń kán. Kò tíì jìnnà. Lọ."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Mo ń fi ìbínú tẹ pad géèmù, bàbá arúgbó tó wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn sì dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n máa rọra gbẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó rí i. Ó dùbúlẹ̀ sétí odò kékeré kan. Mo tẹ bọ́tìnì, máàkì mi lé sí i, ẹran náà sì pòórá. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Bàbá àgbà wo ojú ibẹ̀ títí. "Ta ló gbé e?"

"Nobody. It just goes."

"Ta ló máa wá jẹ ẹ́?"

"Nobody, Grandpa. It's a game."

Wọ́n jókòó padà sórí àga, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. "Ti ẹ̀yin wá kọjá bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ ò jìyà ẹran, ẹ ò sì jẹ ẹran."

Bàbá tó bí màmá mi ni wọ́n, ọdẹ ni wọ́n sì ń ṣe nígbà èwe wọn kí wọ́n tó gbé ìbọn jù sílẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọlọ́mọ ni wọ́n bá wá sí Calgary, ìlú tí a ń gbé lókè òkun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí màmá mi bí mi, ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ mìíràn, ọdún yẹn ni oyún wá dúró. Ìyá àgbà ti kú. Ìyá tó bí bàbá mi kò lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú nítorí orúnkún. Ni bàbá àgbà bá ní kí wọ́n wá ìwé fún àwọn, àwọn ń bọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá àgbà kò tijú rárá. "Nígbà tí mo ń wẹ ọmọ, ẹ ò tíì sí láyé," ni wọ́n dá wọn lóhùn.

Kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ dúdú àti orí tí wọ́n fi nylon wé lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé dání láti ilé. Wọ́n tò wọ́n sórí pákó tó wà lókè ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú basement, nítorí pé ibẹ̀ ló móoru. Ní àràárọ̀, bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á lọ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ fún mi iye oṣù tó kù. Èmi náà ń ka oṣù. Mo ti sọ fún olùkọ́ mi ní school pé ọmọkùnrin la máa bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àdúgbò Pineridge ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé àtijọ́ kan tí pákó ilẹ̀ rẹ̀ máa ń dún bí èèyàn bá rìn lókè. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní camp àwọn elépo lókè àríwá, ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan nílé. Wọ́n ra géèmù yẹn fún mi kí n má baà máa sunkún tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé èmi àti bàbá àgbà la jọ ń gbé inú basement láti ìgbà tí mo bá ti school dé títí di àkókò oúnjẹ alẹ́. Ibẹ̀ máa ń rùn fún orí, róọ̀bù àti áṣáà tí màmá mi ti ní kí wọ́n má fà mọ́, tí wọ́n ṣì ń fà. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru á ta kìì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá àgbà gbọ́ ọ, wọ́n ní ẹran kan wà lẹ́yìn ògiri.

Wọn kì í sábà jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbìyànjú láti rìn dé òpin àdúgbò wa lórí snow, wọ́n sì padà wọlé pẹ̀lú omijé tó ti dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Mo rò pé òtútù ló fà á. Wọ́n ní kì í ṣe òtútù. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ìta kò ní òórùn kankan, àwọn fa imú títí, àwọn kò gbọ́ ohunkóhun. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọdẹ nígbà náà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Igbó inú tẹlifíṣọ̀n ló wá di igbó wọn. Ó kọ́kọ́ sú mi, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí n yìnbọn bó ṣe wù mí. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní kí n wo ibi tí koríko ń tẹ̀ sí. "Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ. Ó ti gbé òórùn rẹ lọ bá a. Gba ọ̀nà òsì yí ká." Mo gba ọ̀nà òsì láti fi hàn wọ́n pé nǹkan ò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú géèmù, àgbọ̀nrín náà kò sì sá. Mo tún dán an wò lọ́nà òdìkejì, ó sá. Bàbá àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣe nǹkan yìí ti wọ igbó rí, kì í ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ la máa ń rìn nínú igbó yẹn láìpa nǹkan kan. Wọ́n á ní kí n gun òkè, kí n dúró síbẹ̀, kí n jẹ́ kí àwọn rí odò. Wọ́n ń sọ orúkọ igi ilé fún igi tí kì í ṣe ti ilé. Kò sí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, mo sì ti ṣègbéyàwó, mo sì ti bímọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni bàbá àgbà rí ọmọ àgbọ̀nrín tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ nínú géèmù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ ná, Àjọkẹ́."

Mo gbé pad sílẹ̀.

"Ní ìdílé tiwa, bí oyún bá wà nínú ilé ọdẹ, ọdẹ kì í yìnbọn sí abo ẹran. Akọ nìkan ló lè pa. Bí kò bá rí akọ, kó padà sílé wá mu gààrí."

"Why?"

"Ohun kan náà ni òun àti aláboyún ń gbé."

Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí màmá mi wà lọ́mọ ọdún méjì, ìyá àgbà tún lóyún. Àwọn wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn kò rí nǹkan kan, ojú sì ń ti àwọn láti padà lọ́wọ́ òfo. Ẹran kan dúró sínú koríko. "Mo mọ̀ pé abo ni," ni bàbá àgbà wí. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bàbá rẹ àgbà kò mọ̀. Mo mọ̀, mo sì yìn ín." Nígbà tí wọ́n la ẹran náà, ọmọ wà nínú rẹ̀. Oyún ìyá àgbà sì bàjẹ́ kó tó pé oṣù. Wọ́n gbé ìbọn sí àjà láti ọjọ́ náà, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà sọ fún ọmọdé. Mo ti bínú sí wọn nítorí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ta ni wọn ì bá sọ ọ́ fún ní Calgary? Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún màmá mi, màmá mi á ní, "Dàádì, in Jesus' name, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

"But Grandpa, this one isn't real," ni mo wí. "It's just pictures."

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni ẹran." Wọ́n fi ìka kan ọwọ́ mi. "Ọwọ́ tìẹ yìí ńkọ́? Àwòrán ni?"

Mo yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, mo wò ó.

"Títí màmá rẹ á fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, bá mi fi abo sílẹ̀. Bá mi ṣe é. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́."

Mo ní, "I promise." Ó sì ti inú mi wá.

Oyún ti wọ oṣù keje nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa abo àgbọ̀nrín funfun kan. Wọ́n ní kì í sábà jáde, ẹni tó bá pa á, géèmù á fún un ní ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò ní. Ọmọkùnrin méjì ní kíláàsì wa ti pa á. Wọ́n ní ọmọbìnrin ò lè pa á láéláé. Mo wá a fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe láti pa á, mo kàn fẹ́ rí i. Irọ́ tí mo pa fún ara mi nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ó tún jẹ́. Màmá mi dùbúlẹ̀ lókè. Bàbá àgbà wà ní kitchen, wọ́n ń fi blender lọ ata, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Abo funfun náà jáde láti ẹ̀yìn igi, ó sì dúró. Gbogbo ohun tí bàbá àgbà kọ́ mi ni mo lò. Mo wo afẹ́fẹ́. Mo gba ọ̀nà òsì. Mo dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹko, mo sì yìn ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí mo ní láti tọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ni mi ò rí. Ó jáde láti inú koríko, ó rìn lọ bá a, ó ń fi imú tì í. Àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kí ló mú wọn fi ìyẹn sí i? Mo pa tẹlifíṣọ̀n kí máàkì mi tó jáde. Blender náà dákẹ́.

"Àjọkẹ́, wá jẹun!"

Mo gòkè lọ. Bàbá àgbà bu oúnjẹ fún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí bóyá mo rí akọ pa lónìí. Mo ní, "No, Grandpa. I didn't see anything."

Ní ọjọ́ Tuesday, nígbà tí mo ti school dé, aládùúgbò wa ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ambulance ti gbé màmá mi lọ, bàbá àgbà sì bá wọn lọ pẹ̀lú slippers lẹ́sẹ̀ nínú snow. Ọmọkùnrin ni. Ó ti kú kí wọ́n tó gbẹ̀bí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi ti ti camp dé, wọ́n di màmá mi mú láti inú ọkọ̀ dé yàrá bí ẹni ń gbé ẹyin. Màmá mi kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Dókítà ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tàbí tí kò ṣe, ó kàn máa ń ṣẹlẹ̀ ni. Bàbá mi tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún gbogbo ẹni tó bá pe fóònù. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé dókítà kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá sí basement, wọ́n jókòó sórí àga wọn. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Wọ́n ti kó kànrìnkàn àti ọṣẹ kúrò lórí pákó, n kò mọ ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn ògiri.

"Ẹ̀bi mi ni," ni wọ́n wí.

Mo wo ojú wọn.

"Ìbọn ọjọ́ yẹn ló tẹ̀lé mi wá. Mo rò pé òkun á dá a padà. Ó yẹ kí n jókòó sí ilé mi. Wọ́n ní kí n wá wẹ ọmọ, mo gbé ikú wọ ọkọ̀ òfurufú wá bá ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo rí i pé tí mo bá sọ ọ́, ẹrù náà á kúrò lórí wọn, á sì wá sórí mi, gbogbo ilé á sì mọ ẹni tó pa ọmọ màmá mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé orí mi lé itan wọn, wọ́n sì rò pé mo ń tù wọ́n nínú. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí.

Snow kò tíì yọ́ tí wọ́n fi lọ. Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí. "Dàádì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Doctor ti explain ẹ̀ fún wa. Kì í ṣe nǹkan yín, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá àgbà ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ń lọ, kí òjìji àwọn lè kúrò nínú ilé náà, bóyá òmíràn á lè dúró. Ní airport, wọ́n di orí mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbàdúrà pé kí ohun tó wà lára àwọn má kàn mí láéláé. Mo ṣe "Àmín." Ohùn mi ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan fi yíjú wò wá.

Ọdún méjì ni wọ́n lò sí i. A máa ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí màmá mi bá ní kí wọ́n ṣàdúrà ọmọ fún àwọn, bàbá àgbà á ní kí wọ́n wá ẹnu mìíràn, ẹnu tàwọn kò dára. Àbúrò màmá mi tó ń gbé pẹ̀lú wọn sọ pé wọn kì í sùn mọ́, àga ni wọ́n máa ń jókòó sí di àárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò dìde lórí àga náà mọ́. Oyún mìíràn kò sì dúró fún màmá mi.

Àdúgbò Cityscape ni mo ń gbé báyìí, mo ń wọ train lọ síbi iṣẹ́ ní downtown, nǹkan tó ní ẹ̀rí nìkan ni wọ́n sì ń sanwó fún mi láti gbàgbọ́. Mo mọ̀ pé bọ́tìnì kan nínú basement Pineridge kò lè pa ọmọ nínú ikùn. Mo mọ̀ pé ẹran inú koríko ní ìlú wa kò pa oyún ìyá àgbà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ní géèmù tirẹ̀, tí ẹran wà nínú rẹ̀. "Mummy, it's only pixels," ló máa ń sọ fún mi. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ bí abo ẹran bá ti jáde, mo máa ń kúrò nínú yàrá, mo máa ń ṣe bí ẹni pé nǹkan wà lórí iná. Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, mo gbé gbogbo géèmù ọkọ mi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láìsọ ìdí.

Ọdún tó kọjá ni mo sọ ọ́ fún màmá mi. A ń bó ẹ̀wà ní kitchen wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí abo funfun títí dé orí "I didn't see anything." Mo rò pé wọ́n á sunkún, tàbí kí wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ọmọdé ni mí nígbà náà. Wọ́n ń bó ẹ̀wà lọ.

"Ó yẹ kó o ti sọ fún wọn," ni màmá mi wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe torí ọmọ. Ọmọ ti lọ. Torí Dàádì."

"Mummy, I was nine."

"O ti pé eleven kí wọ́n tó kú." Wọn kò gbójú sókè. "Phone wà."

Phone wà lóòótọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n kí bàbá àgbà, mo sì ń kí wọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi bá a, nígbà tí ẹni tó nílò rẹ̀ kò sí mọ́. Gbólóhùn kan péré ni: Grandpa, èmi ni mo yìn ín. Ọmọdé lè sọ ọ́ kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ì bá bú mi, wọn ì bá bá mi sunkún, lẹ́yìn náà wọn ì bá dìde lórí àga yẹn lọ sùn. Mo ń gbé e kiri báyìí, lórí train, ní ibi iṣẹ́, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè nígbà tí mo bá dá wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn.